Òkúta Ilé Ìdáná Nímátù

Ohun tí Nímátù kọ́kọ́ rí lára agbẹ́kùúta náà ni pé kò sí eruku lára rẹ̀. Eruku òkúta bo gbogbo àgbàlá náà bí èlùbọ́ ṣe ń bo ẹni tó ń kù ú. Ó wà lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ọgbà, ó wà lójú omi inú àmù, ó wà lára ajá tó sùn sẹ́nu ọ̀nà. Kí Nímátù tó dúró díẹ̀, etí ìró tirẹ̀ náà ti funfun. Ọkùnrin tó ti ń fi òòlù lu irin lórí òkúta láti àárọ̀, bùbá dúdú ló wọ̀, bùbá náà sì dúdú bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú àpótí.

Ó rí i, kò sì fi ṣe nǹkan kan. Èèyàn mélòó ló ń wo aṣọ ọlọ́jà nígbà tí ojú rẹ̀ bá ti wọ ọjà? Ohun tó gbé Nímátù dé ìdí rélùwéè lẹ́yìn àdúgbò Adum ní Kumasi lọ́jọ́ náà ju bùbá ẹnikẹ́ni lọ. Òkúta ló wá rà.

Ìyàwó ará Síríà kan ní Adum ló kó o sí i lọ́kàn. Nímátù ń ta abọ́ àti ìkòkò ní ọjà ńlá Kumasi. Ó gbé abọ́ lọ fún obìnrin náà nílé, wọ́n sì jẹ́ kó dé ilé ìdáná. Ibẹ̀ ló ti rí òkúta pẹlẹbẹ kan tí wọ́n tẹ́ sórí bíríkì lẹ́bàá ògiri, ó ga dé ìbàdí èèyàn, ó ń dán, ó tutù. Wọ́n ń gé ẹran lórí rẹ̀, wọ́n ń po ìyẹ̀fun lórí rẹ̀, bí wọ́n bá ṣe tán wọ́n á fi àkísà nù ún, á tún mọ́. Ẹnikẹ́ni ò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Nímátù tó ti ń bẹ̀rẹ̀ gé ẹ̀fọ́ láti ọmọ ọdún mẹ́fà padà sílé, ẹ̀yìn tí kò dùn ún rí sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.

Ọdún keje rèé tó ti fẹ́ Jùnáídù. Oyún inú rẹ̀ yìí ni àkọ́kọ́ tó dúró ju oṣù mẹ́ta lọ, ó ti di oṣù márùn-ún báyìí. Jùnáídù ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ ní Adum, ó sì ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Owó kòkó ń yí ìlú ká nígbà náà, gbogbo àgbẹ̀ tó bá ti ta kòkó ló ń fẹ́ gun kẹ̀kẹ́. Ibẹ̀ ló ti rí owó kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta sí àdúgbò Sawaba, tí wọ́n fi kó kúrò nínú yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n háyà ní Alabar. Ó ní ohunkóhun tí Nímátù bá fẹ́ nínú ilé ìdáná, kó sọ. Irú ọkọ bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀. Nímátù mọ̀ pé kò wọ́pọ̀, kò sì sí ìrun kan tó kí tí kò ní bẹ Ọlọ́run pé kó má gba ọkùnrin yìí lọ́wọ́ òun.

Yaa tó ń ta àlùbọ́sà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jà ló júwe agbẹ́kùúta fún un. "Me nua," Yaa pè é ní ọmọ ìyá lédè Twi tí wọ́n ń sọ ní Kumasi, "lọ sí ìdí rélùwéè. Anago ni, Yorùbá bíi tìẹ. Iṣẹ́ ẹ̀ dára, ampa."

Iṣẹ́ rẹ̀ dára lóòótọ́. Àwọn òkúta tí àwọn onígbàgbọ́ ń rì mọ́ ojú oórì ló tò sára ògiri, wọ́n ń dán bí omi. Nímátù wò wọ́n, ara rẹ̀ bù máṣọ.

"Mi ò fẹ́ òkúta sàréè o. Tuntun ni mo fẹ́, èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ nǹkan sí."

"Òkúta ò mọ ilé ìdáná yàtọ̀ sí sàréè," agbẹ́kùúta dá a lóhùn. "Èèyàn ló mọ̀ ọ́n. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Bó ṣe lanu sọ̀rọ̀ báyìí ni inú Nímátù dùn. Yorùbá Ìlọrin ni, ó dún bíi ti ọkọ rẹ̀ gẹ́lẹ́. Kumasi ni wọ́n bí Nímátù sí, Alabar ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, kò sì dé Ìlọrin rí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń sọ̀rọ̀ bí ọkọ rẹ̀, mọ̀lẹ́bí ni lójú rẹ̀. Ó béèrè orúkọ ọkùnrin náà, ó ní Bákàrè lòun ń jẹ́. Ó ga, ó ń rọra sọ̀rọ̀, ìka tó kéré jù lọ́wọ́ òsì rẹ̀ kò sí mọ́. Wọ́n ná òkúta náà, wọ́n sì gbà. Bákàrè ní òun á wá wọn ilé ìdáná náà fúnra òun lọ́jọ́bọ̀, nítorí okùn tí oníbàárà bá fi wọn nǹkan kì í bá òkúta mu.

Lẹ́yìn náà ló mú ṣọ́ọ̀kì, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ òkúta tí wọ́n yàn. Àṣà rẹ̀ ni láti kọ orúkọ baálé ilé sí ikùn òkúta, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ní rí mọ́ tí wọ́n bá tẹ́ ẹ tán, kí àwọn alábàárù má baà gbé e ṣìlé.

"Jùnáídù Abọ́dẹrìn," Nímátù pè é fún un. "Ará Ìlọrin bíi tiyín ni."

Ṣọ́ọ̀kì dúró lórí òkúta.

"Jùnáídù tó ní àpá lábẹ́ àgbọ̀n?"

"Òun ni. Ẹ mọ̀ ọ́n?"

Agbẹ́kùúta kò gbójú sókè. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu orúkọ tó ti kọ dé ààbọ̀, ó nù ún, ó tún nù ún, títí ojú òkúta fi mọ́. "Mi ò ní lè wá mọ́," ó sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Ẹ fi okùn wọ̀n ọ́n wá fún mi."

"Ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní okùn oníbàárà kì í bá òkúta mu."

"Èyí á bá a mu," ó sọ. Ó mú òòlù, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Nímátù gbé oúnjẹ ka iwájú ọkọ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó sì ṣe ohun tí gbogbo ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé ń ṣe: ó jẹ́ iṣẹ́ tí wọn ò rán an. Tí èèyàn bá pàdé ará ìlú ọkọ ẹni lẹ́yìn odi, ìkíni gbọ́dọ̀ délé. Bí ẹni náà bá gbàgbé láti kí i, ìyàwó á bá a kí i. Èyí kì í ṣe irọ́, ìwà ọmọlúàbí ni.

"Agbẹ́kùúta yẹn ní kí n kí yín," ó sọ. "Ará Ìlọrin ni. Bákàrè ló ń jẹ́."

Jùnáídù dá òkèlè padà sínú abọ́. "Bákàrè wo?"

"Ó ga. Ìka rẹ̀ kan ti gé."

"Ọwọ́ wo?"

"Ọwọ́ òsì."

Ọkọ rẹ̀ ṣanwọ́. Kò tíì jẹ ju òkèlè mẹ́ta lọ. Ó ń wo omi tó fi ṣanwọ́ bí ẹni pé nǹkan kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, Nímátù sì rò pé iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú ọbẹ̀.

"Bákàrè ti kú, Nímátù," ó sọ. "Ojú mi ló ṣe. Èmi àti ẹ̀ la jọ ń fọ́ òkúta fún iṣẹ́ ọ̀nà lẹ́sẹ̀ Òkè Sóbì. Òkúta ya látòkè, ó wó lù wá. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, mo rí i. Láti àyà rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, òkúta ni. Ó ń wò mí, kò sì rí mi. Mo pè é, kò dáhùn. Mo bá dìde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Mi ò lè dúró kí wọ́n sin ín lójú mi. Mi ò dágbére fún ìyá mi pàápàá. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí mo rí ni mo wọ̀, mi ò sì sinmi títí mo fi dé ìlú yìí."

Ọdún méje ni Nímátù fi béèrè ìdí tí ọkọ òun kì í fi í lọ sílé, àwàdà ló sì máa ń fi dá a lóhùn. Ìdáhùn wá dé lọ́jọ́ tí kò béèrè.

"Ta wá ni mo bá nájà?" ó béèrè.

Jùnáídù dárúkọ ohun tí àwọn méjèèjì ti ń rò. Àkúdàáyà ni. Láti kékeré ni Nímátù ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé tó kú, á dìde, á lọ sí ìlú tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n, á máa ṣiṣẹ́ ajé, á gbéyàwó, á bímọ. Wọ́n ní ẹlòmíràn nínú wọn kì í tiẹ̀ mọ̀ pé òun ti kú. Ọjọ́ tí alààyè tó mọ̀ pé ó kú bá fojú kàn án, ọjọ́ náà ló pòórá. Ìtàn ni nígbà náà, wọ́n á sọ ọ́ tán, wọ́n á jẹ ẹ̀pà. Ìyá rẹ̀ kò sọ fún un pé èèyàn lè bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ ná òkúta, kó sì bá a dín in kù.

"Bí mo bá fojú kàn án, ó tán nìyẹn," Jùnáídù sọ. "Ọ̀rẹ́ mi ni. Jẹ́ kó máa gbé ayé tó rí gbé. Ra òkúta rẹ, má dárúkọ mi níbẹ̀. Má sì jẹ́ ká pàdé."

Nímátù ti dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Kò lè sọ ọ́.

Ọjọ́ kẹta ló tó rí ẹsẹ̀ gbé padà sí ìdí rélùwéè, okùn tó fi wọn ilé ìdáná wà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú kókó mẹ́rin. Ó ti rò ó pé òun á sọ pé òun ò rà mọ́. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún òkú pé ọjà rẹ̀ ò wu òun? Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Òjìji rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ju ti ẹlòmíràn lọ, kò kéré sí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀. Òógùn ń yọ lọ́rùn rẹ̀. Bùbá rẹ̀ nìkan ni kò yí padà, ó dúdú síbẹ̀ nínú gbogbo eruku yẹn. Nímátù ju okùn náà sí i láti òkèèrè bí ẹni tó ń ju egungun fún ajá tí kò mọ̀.

Bákàrè mú un, ó ka kókó rẹ̀. "Ìyàwó wa," ó sọ, "sún mọ́bí. Jókòó."

"Mo fẹ́ máa lọ. Mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n máa lọ." Bí ẹ̀rù bá bà á, Twi ló máa ń kọ́kọ́ sá sí i lẹ́nu.

"Jókòó. Oyún ló wà nínú rẹ, mi ò ní pariwo." Ó gbé òòlù sílẹ̀, ó sì dúró jìnnà sí i kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. "Ṣé ọkọ rẹ ń ṣe dáadáa sí ọ?"

"Dáadáa ni."

"Ó ń jẹun? Ó ń sùn?"

"Ó ń ṣe gbogbo ẹ̀."

Bákàrè mi orí. Omi ti lé sójú rẹ̀. "Inú mi dùn. Ìyàwó wa, Jùnáídù ti kú. Ojú mi ló ṣe. Òkúta ya lẹ́sẹ̀ Òkè Sóbì, ó wó lù wá. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, mo rí i lábẹ́ rẹ̀. Ó ń wò mí, kò sì rí mi. Ó ń mi ẹnu bí ẹni tó ń pe èèyàn, ohùn ò jáde. Mo dìde, mo gba ọ̀nà. Mi ò dúró níbi ìsìnkú. Ó pé ọdún mẹ́jọ báyìí, mi ò padà délé."

Nímátù rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé ó dùn mọ́ ọn, ẹnu rẹ̀ ni kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú.

"Mi ò sọ ọ́ láti ba ilé rẹ jẹ́," Bákàrè ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Ọ̀rẹ́ mi ni. Jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ rẹ, kó rí ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá fojú kàn án, ó tán nìyẹn. Lọ́jọ́ tí mo bá ń bọ̀ wá tẹ́ òkúta, bá mi rí i pé kò sí nílé. Má jẹ́ ká pàdé."

Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹnu méjì, ọ̀rọ̀ kan. Nímátù fẹ́ sọ fún un pé, 'Òun náà ní ẹ̀yin lẹ kú,' àmọ́ ó wo ojú ọkùnrin náà, ó wo omi tó wà níbẹ̀, òun ti gbọ́ nìkan ló sì sọ.

Láti ọjọ́ náà ni Nímátù ti sọ ọkọ rẹ̀ di ohun tó ń ṣọ́. Bó bá ń jẹun, ó ń wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Bó bá ń kírun, ó ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Adum lọ́sàn-án gangan, ó bá a níbi tó ti ń tún ṣéènì kẹ̀kẹ́ ṣe, epo dúdú kún ọwọ́ rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. Ẹ̀wù funfun ló wọ̀. Ẹ̀wù náà funfun ní gbogbo ara. Nímátù dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò: láti ọdún méje, kò fọ àbàwọ́n epo kan kúrò lára aṣọ ọkọ rẹ̀ rí. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń fi í yangàn fún Yaa pé ọkọ òun mọ́ tónítóní.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo bó ṣe ń lọ sílé. Ó tún dá ara rẹ̀ lóhùn pé bí ìmọ́tótó bá jẹ́ àmì òkú, gbogbo Àlfà Alabar ti kú tán nìyẹn. Agbẹ́kùúta ńkọ́? Òun náà mọ́. Ọkọ òun kì í lọ sílé, agbẹ́kùúta kì í lọ sílé. Èyí ní ojú òun ló ṣe, ìyẹn ní ojú òun ló ṣe. Bó bá ti gbá èrò náà jọ sápá kan, á tún dà sí ìkejì. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ òkú tí kò mọ̀. Nímátù fẹ́ kó jẹ́ agbẹ́kùúta. Ojú tì í pé ó ń fi ìrun rẹ̀ bẹ Ọlọ́run kí ọmọlọ́mọ jẹ́ òkú, ṣùgbọ́n ó ń bẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lórí ikùn. Ọmọ inú rẹ̀ tapá. Ó fún un láyọ̀, ó sì dẹ́rù bà á.

Ọjọ́rú ni wọ́n dá láti tẹ́ òkúta. Kò ṣòro rárá, nítorí àwọn méjèèjì ló ń bá a ṣètò rẹ̀ láìmọ̀. Jùnáídù gbọ́ pé agbẹ́kùúta ń bọ̀, ó ní òun á lọ sí ìlú Obuasi, òun ò ní dé títí di ọjọ́ kejì. Bákàrè gbọ́ pé baálé kò sí nílé, ó ní òun á wá fúnra òun, torí títẹ́ òkúta, iṣẹ́ ẹni tó gé e ni. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ni Nímátù gbọ́ lọ́jà pé Àlfà àgbà kan dé sí Alabar láti Ìlọrin. Múdàṣírù lorúkọ rẹ̀. Kò wá sí Kumasi rí.

Nígbà tí Bákàrè ti ń po sìmẹ́ǹtì nínú ilé ìdáná lọ́jọ́rú, Nímátù sọ fún un pé òun ń lọ bẹ ẹnì kan wò. Alabar ló gbà lọ.

Ó bá Àlfà lórí ẹní, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀, abọ́ kókó mímu tó ti tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ bí oyún ṣe jẹ́ kó lè kúnlẹ̀. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó bá kúkú bẹ̀rẹ̀ láti àárín.

"Àlfà, ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, òkúta wó lu ọkùnrin méjì lẹ́sẹ̀ Òkè Sóbì. Mo fẹ́ mọ èyí tó kú nínú wọn."

Ìka Àlfà dúró lórí tẹ̀sùbáà. "Bákàrè," ó sọ. "Àti Jùnáídù ọmọ Abọ́dẹrìn. Èmi ni mo kọ́ wọn ní kéwú láti ìgbà tí wọn ò tíì lè fọ imú."

"Èwo ló kú, Àlfà?"

"Èwo, kẹ̀?" Bàbá náà wò ó bí ẹni pé ìbéèrè rẹ̀ ò yé òun. "Ta ló sọ fún ọ pé ọ̀kan ṣẹ́kù? Abẹ́ òkúta kan ṣoṣo la ti fa àwọn méjèèjì yọ. Wọ́n dojú kọ ara wọn lábẹ́ ibẹ̀, ojú wọn là sílẹ̀, bí ẹni tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi wẹ̀ wọ́n. A sin wọ́n kí oòrùn tó wọ̀."

Nímátù ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gún nǹkan nínú odó ní agboolé kejì. Ó ń ka ìró odó náà. Kò rí nǹkan mìíràn dì mú. Ọkọ òun. Bàbá ọmọ òun. Ìbínú kan wá dé tí kò mọ ẹni tí yóò bí i sí, torí kò sẹ́ni tó purọ́ fún un. Olúkúlùkù sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

"Kí ni wọ́n jẹ́ sí ọ?" Àlfà béèrè.

"Mọ̀lẹ́bí."

"Aláboyún ni ọ́, o sì jẹ́ ará ilé wọn. Màá wá ṣe àdúrà sí ilé rẹ. Lẹ́yìn ìrun alásàrí."

"Kì í ṣe lónìí, Àlfà. Ẹ jọ̀ọ́."

"Wọn kì í kọ àdúrà, ọmọ mi. Wọ́n ti sọ fún mi pé Nímátù alábọ́ ará Sawaba ni ọ́. Ẹni tó gbà mí lálejò á júwe ọ̀nà fún mi."

Ohun tó wà lọ́kàn Nímátù bó ṣe ń sáré lọ sílé kò ju ẹyọ kan lọ: kí Bákàrè ti lọ kí Àlfà tó dé. Ti Jùnáídù kò tíì kan òní, ó wà ní Obuasi. Bó bá di ọ̀la, wọ́n á kó ẹrù, wọ́n á lọ sí ìlú Wa lápá àríwá, wọ́n á lọ sí ibikíbi tí kò sí ará Ìlọrin. Òkú tàbí alààyè, ọkọ òun ni. Ó pinnu bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà, kò sì ya ara rẹ̀ lẹ́nu rárá.

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé kó tó gbọ́ ẹ̀rín. Ẹ̀rín ọkùnrin méjì ni.

Wọ́n wà nínú ilé ìdáná. Òkúta ti wà lórí bíríkì, ó tẹ́jú, ó ń dán, sìmẹ́ǹtì tútù yí i ká. Jùnáídù dúró lápá kan rẹ̀, Bákàrè dúró lápá kejì, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú lórí rẹ̀ bí ọmọdé, omi ń dà lójú àwọn méjèèjì.

"Ọkọ̀ wa kọṣẹ́ ká tó jìnnà," Jùnáídù sọ. "Mo ní kí n yà wọlé lẹ́yìn, kí n dọ́gbọ́n wò bó bá ti lọ. Mo bá ọkùnrin kan tó kẹ́yìn sí mi. Àwọn alábàárù ti gbé òkúta sílẹ̀ lọ, òun nìkan ló ń bá a jìjàkadì. Mo ti di apá kejì mú kí n tó rò ó." Lóòótọ́, ẹni tó bá bá èèyàn lábẹ́ ẹrù wúwo kì í dúró béèrè pé ta nìyí. Ìgbà tí wọ́n gbé e kalẹ̀ tán ni wọ́n tó wo ojú ara wọn.

"Kò sẹ́ni tó pòórá," Bákàrè sọ. "Ìyàwó wa, o ò rí i? Kò sẹ́ni tó kú nínú wa. Eruku ló bò wá lójú lọ́jọ́ náà. Ọdún mẹ́jọ la fi sá fún ohun tí kò ṣẹlẹ̀."

Nímátù dúró. Ó rántí ohun tí ìyá rẹ̀ sọ, ó sì yé e wàyí. Alààyè ni àkúdàáyà ń sá fún. Òkú kì í sá fún òkú.

"Lọ́jọ́ Ajé, a ń lọ sílé," Jùnáídù sọ. Nímátù kò rí i kí ojú rẹ̀ tàn tó báyìí rí, àní lọ́jọ́ tí òun sọ fún un pé òun lóyún. "Ìyá mi á ti máa sunkún mi. Ìlọrin la ó ti sọ ọmọ yìí lórúkọ, Nímátù."

"Ẹ má lọ," ó sọ. Ohùn náà kéré. "Ẹ jẹ́ ká dúró síbí."

Wọ́n kanlẹ̀kùn iwájú ilé. "Àsàlámù àlékùm," ẹnì kan sọ níta, ohùn àgbà, ti Ìlọrin.

Àwọn ọkùnrin méjèèjì yí orí padà lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ohùn Àlfà Múdàṣírù nìyẹn," Bákàrè sọ.

"Ẹ jẹ́ kí n ṣí i," Nímátù sọ. Ó ti ń lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì di etí òkúta mú kó má baà ṣubú. Jùnáídù gbá ẹ̀yìn rẹ̀ mú. Ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ọ́rọ́.

"Ìwọ dúró. O ti rìn jù lónìí, o lóyún. Èmi á ṣí i."

Nímátù fẹ́ di ẹ̀wù rẹ̀ mú. Ó dì í mú lóòótọ́. Jùnáídù rọra tú ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì jáde, Bákàrè tẹ̀ lé e pẹ̀lú irin ìrẹ́lé lọ́wọ́. Nímátù gbọ́ ẹsẹ̀ wọn méjèèjì nínú pálọ̀. Ó gbọ́ kọ́kọ́rọ́. Ó gbọ́ bí ilẹ̀kùn ṣe ń ṣí. Ó gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ fi ayọ̀ sọ pé, "Àlfà—"

Irin ìrẹ́lé dún lórí sìmẹ́ǹtì. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé dákẹ́.

Afẹ́fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà wọlé dé ilé ìdáná. Ìró bàtà kan ń wọ́ bọ̀ nínú pálọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹsẹ̀ àgbàlagbà ṣe ń ṣe nínú ilé tí kò mọ̀.

"Ta ló ṣílẹ̀kùn fún mi?" Àlfà béèrè.

Nímátù ti tún fi ọwọ́ méjèèjì di òkúta mú, yàrá méjì sí ẹnu ọ̀nà.

"Èmi ni, Àlfà," ó dáhùn. "Ẹ wọlé."